Orí Keje: Yíya Àwòrán Ojú Ọmọdé Pẹ̀lú Pẹ́ńsù àti Kíkọ́gbọ́n Láti Inú Lámèyítọ́

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, tí ó sì ti ṣe àwọn ìdánrawò tí ó wà ní òpin rẹ̀, ó yẹ kí ó lè:

1. sọ ìtumọ̀ àwòrán ojú, kí ó sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín rẹ̀ àti ère ìbejì;
2. yan pẹ́ńsù tí ó yẹ fún ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan;
3. wọn orí àti ojú ọmọdé, kí ó sì gbé ìwọ̀n náà sórí bébà;
4. fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji gbé awọ dúdú àti irun dídì jáde;
5. ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kí ó sì lo lámèyítọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe láti tún iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

7.1 Ìtumọ̀ àwòrán ojú

Àwòrán ojú ni àwòrán tí a yà láti fi ẹnì kan pàtó hàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi dá a mọ̀ láìjẹ́ pé a kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán náà. Ohun méjì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Èkíní ni jíjọra, ìyẹn ni pé kí àwòrán bá ẹni tí a yà mu. Èkejì ni ọjọ́ orí, ìyẹn ni pé kí ẹni tí ó ń wo àwòrán lè sọ bóyá ọmọ ọdún 3 ni tàbí ọmọ ọdún 10. Nínú àwòrán àgbàlagbà, ọjọ́ orí lè yẹ̀ díẹ̀ kí jíjọra má sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n nínú àwòrán ọmọdé, bí ọjọ́ orí bá ti yẹ̀, jíjọra ti bá a lọ nìyẹn, nítorí pé ojú ọmọdé ń yí padà láti ọdún dé ọdún.

Nínú iṣẹ́ ọnà àbáláyé Yorùbá, kì í ṣe ọjọ́ orí gan-an ni agbẹ́gilére ń lépa. Ère ìbejì, tí wọ́n ń gbẹ́ nítorí ìbejì tí ó kú, sábà máa ń ní ojú àti ara ẹni tí ó ti dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Àìmọ̀ọ́gbẹ́ kọ́ ló fà á. Ìlànà ni, nítorí pé agbẹ́gilére ń fi ènìyàn hàn ní ipò ọ̀dọ́, ìyẹn ìgbà tí ara pé tí agbára sì wà. Àwòrán ojú ọmọdé tí a fi pẹ́ńsù yà ń tọ ọ̀nà mìíràn. Ohun tí ó jẹ́ ìlànà nínú ère ìbejì, pé kí ọmọ ní ìrísí àgbà, ni ó jẹ́ àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwòrán ojú ọmọdé, a ó sì máa pe àṣìṣe náà ní àgbàlagbà kékeré nínú orí yìí.

Ní Nàìjíríà, Àìná Ọnàbólú (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni a kà sí aṣáájú nínú yíya àwòrán ojú ní ọ̀nà tí ó fi ìwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ìpìlẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà nípa wíwo àwòrán inú ìwé yà, ó sì ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ṣáájú kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London ní 1920. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó ní ìlànà kan náà.

7.2 Ohun èlò

Ohun dúdú tí ó wà nínú pẹ́ńsù kì í ṣe òjé, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Graphite ni, ìyẹn ohun àlùmọ́nì kan tí ó rọ̀ tí ó sì ń kun ọwọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n rí èyí tí ó mọ́ dáadáa nínú ilẹ̀ ní Borrowdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1795, Nicolas-Jacques Conté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi ń po graphite lílọ̀ mọ́ amọ̀, kí a tó sun ún nínú iná. Láti inú ọ̀nà yìí ni oríṣi pẹ́ńsù ti wá: bí amọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni pẹ́ńsù ń le tó tí ìlà rẹ̀ sì ń fúyẹ́, bí graphite bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ń rọ̀ tó tí ìlà rẹ̀ sì ń dúdú. Lẹ́tà H tí a tẹ̀ sára pẹ́ńsù ń tọ́ka sí líle, lẹ́tà B ń tọ́ka sí dúdú, HB sì wà láàárín méjèèjì.

- H tàbí 2H: fún ìlà àkọ́kọ́ tí a óò pa rẹ́ nígbẹ̀yìn.
- HB: fún ìrísí ojú, imú, ẹnu àti etí.
- 2B àti 4B: fún òjìji ara àti àwọ̀ awọ.
- 6B: fún irun, ọmọlójú àti ihò imú.

Ìrésà, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kílínà, pín sí méjì. Èyí tí ó le ń pa ìlà rẹ́, èyí tí ó rọ̀, tí a lè fi ọwọ́ pò bí amọ̀, ni a máa ń tẹ̀ mọ́ bébà kí ó lè fa dúdú díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà. Bébà ìyàwòrán tí ó nípọn tí ojú rẹ̀ sì ní ìpárapàra díẹ̀ ni ó dára, nítorí pé ewé ìwé àjákọ máa ń yọ̀, kì í gba dúdú ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi agbára tẹ 6B, nítorí pé graphite tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù máa ń dán yinrin, ibi tí ó yẹ kí ó dúdú jù lọ á sì wá dà bí ibi tí oòrùn ń ràn sí.

7.3 Ìbámu ìwọ̀n nínú ojú ọmọdé

Ìbámu ìwọ̀n ni bí títóbi ẹ̀yà ara kan ṣe rí sí ti èkejì. Ojú ọmọdé kì í ṣe ojú àgbà tí a dín kù, nítorí pé agbárí ti sún mọ́ títóbi tí yóò ní kí egungun ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà dáadáa. Bí a bá fi títóbi ojú wé ti agbárí, ti ọmọ tuntun jẹ́ nǹkan bí 1/8, ti ọmọ ọdún 5 jẹ́ nǹkan bí 1/4, ti àgbàlagbà sì sún mọ́ 1/2. Láti inú òtítọ́ kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àbùdá wọ̀nyí ti jáde:

*(a) Ìlà ojú.* Ìlà ojú ni ìlà tí ó gba àárín ẹyinjú méjèèjì kọjá. Lára àgbàlagbà, ìlà yìí wà ní ìdajì láàárín àtàrí àti àgbọ̀n. Lára ọmọ ọwọ́, ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdajì dáadáa. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà tí àgbọ̀n sì ń gùn ni ìlà ojú ń gòkè, títí yóò fi dé ìdajì.

*(b) Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n.* Iwájú orí ọmọdé ga, ó sì yọ síta díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Àgbọ̀n rẹ̀ kéré, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín lábẹ́ orí.

*(ch) Ẹyinjú.* Ẹyinjú kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i bí ojú tí ó yí i ká ṣe ń tóbi, nítorí náà dúdú ojú ọmọdé máa ń gba àyè púpọ̀, funfun rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti àgbà.

*(d) Imú àti ẹnu.* Igi imú ọmọdé kò tíì yọ. Orí imú àti ihò rẹ̀ ni a máa ń rí jù. Ẹni tí ó bá fa ìlà méjì gbọọrọ láti àárín ojú wá sí orí imú ti fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí ọmọ náà. Láti nǹkan bí ọdún 6 ni eyín ọmọdé ti ń yọ, àyè tí eyín fi sílẹ̀ sì jẹ́ ara ohun tí a óò yà.

Láti wọn ọmọ tí ó jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò na apá rẹ̀ gbọọrọ láìká ìgúnpá, yóò di ojú kan, yóò sì mú ṣóńṣó pẹ́ńsù bá àtàrí ọmọ náà, kí ó tó fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí àgbọ̀n bọ́ sí lára pẹ́ńsù. Ìwọ̀n tí ó bá rí ni yóò máa fi wọn ìyókù. Àtàrí tí à ń sọ yìí ni òkè agbárí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ṣóńṣó irun. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an bí ọmọ bá di ṣùkú tàbí tí irun rẹ̀ bá kún.

7.4 Ìgbésẹ̀ yíyà

1. Ìpalẹ̀mọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àyè lọ́wọ́ òbí ọmọ. Kí ọmọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ọ̀nà kan ṣoṣo wá. Nítorí pé ọmọdé kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló tó lẹ́ẹ̀kan, kí a sì ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà láti fi parí iṣẹ́. Fìláàṣì fóònù kò dára, nítorí pé ó ń pa òjìji rẹ́.
2. Ìlà atọ́nà. Ìlà atọ́nà ni ìlà fẹ́rẹ́fẹ́ tí a fi pẹ́ńsù H fà láti mọ ibi tí nǹkan yóò wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ya agbárí bí róbótó, yóò fi àgbọ̀n kún un nísàlẹ̀, yóò fa ìlà àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fa ìlà ojú, ìlà imú àti ìlà ẹnu.
3. Ìrísí. Àyè tí ó wà láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀: bí àpẹẹrẹ, bí ojú kan ṣe jìnnà sí èkejì tó, àti bí ètè òkè ṣe jìnnà sí imú tó.
4. Òjìji. Kí a kọ́kọ́ pín gbogbo ojú sí apá méjì péré, apá ìmọ́lẹ̀ àti apá òjìji, kí a tó wọ inú kúlẹ̀kúlẹ̀.
5. Ìparí. Ibi tí ó dúdú jù lọ àti ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ ni a ń fi sílẹ̀ dé ìgbẹ̀yìn.

7.5 Awọ dúdú àti irun dídì

Ìwọ̀n òkùnkùn ni bí ibì kan ṣe dúdú tàbí mọ́lẹ̀ tó lórí bébà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ó ya àkàbà òkùnkùn, ìyẹn àpótí kéékèèké 7 ní ìlà kan, tí èkíní jẹ́ funfun bébà, tí ìkeje jẹ́ dúdú 6B, tí àwọn tó kù sì ń dúdú sí i ní ìpele ìpele. Awọ ọmọ tí ó dúdú lè bẹ̀rẹ̀ láti àpótí 3 tàbí 4 ní apá ìmọ́lẹ̀, kí ó sì dé 6 ní apá òjìji, kí ó wá ku àpótí 1 àti 2 fún ibi tí ó ń dán nìkan: òkè iwájú orí, orí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi bébà sílẹ̀ ní funfun fún gbogbo ojú, tí ó wá kun etí ojú nìkan, kò tíì ya awọ. Ìlà àyíká lásán ni ó fà. Bákan náà, funfun ojú kì í ṣe funfun bébà, nítorí pé ìpéǹpéjú òkè ń da òjìji lé e.

A kì í fi ìlà líle yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé ká, nítorí pé ara rẹ̀ rọ̀, òjìji sì ń rá sínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlà kéékèèké tí ó ń bá ara wọn rìn, tí a fà lérí ara wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láìtẹ ọwọ́, ni ó ń gbé e jáde. Fífi ìka ra pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ kò dára, nítorí pé òróró ara ń bá bébà jẹ́.

Ní ti irun dídì, ojú ìpín tí ó wà láàárín dídì kan àti èkejì ni a kọ́kọ́ ń yà, nítorí pé ìlà wọ̀nyí ló ń fi bí orí ṣe yípo hàn. Nínú ṣùkú, gbogbo ìpín ń gòkè lọ pàdé ní òkè orí; nínú kòlẹ́sẹ̀, wọ́n ń ti iwájú lọ sí ìpàkọ́; nínú ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń ti ìpàkọ́ bọ̀ níwájú. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi 4B àti 6B kun dídì kọ̀ọ̀kan, kí a fi ibi tí ó yọ síta sílẹ̀ kí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀.

7.6 Lámèyítọ́

Lámèyítọ́ ni àyẹ̀wò tí ó ń sọ ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ ọnà, bí a ṣe ṣe é, ohun tí ó ń fi hàn, àti ibi tí ó kù sí. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀gàn, tí ó ń bu oníṣẹ́ kù, ó sì yàtọ̀ sí ìyìn ẹnu lásán, tí kò sọ ohun tí ó dára gan-an. Kì í ṣe àṣà àjèjì láàárín Yorùbá. Ní 1973, Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ jáde lórí bí àwọn amẹ̀wà, ìyẹn àwọn tí ó mọ ẹwà dá mọ̀, ṣe ń yẹ ère wò ní ilẹ̀ Yorùbá. Lára òṣùwọ̀n tí ó rí ni jíjọra tí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù, ìfarahàn, ìyẹn pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn kedere, àti dídán ojú iṣẹ́.

Nínú kíláàsì, ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí Edmund Burke Feldman, onímọ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, là sílẹ̀ ni a sábà máa ń tẹ̀ lé:

1. Àpèjúwe: kí ni a rí? A kò tíì sọ pé ó dára tàbí kò dára.
2. Ìtúpalẹ̀: báwo ni ìlà, ìwọ̀n àti òkùnkùn ṣe bá ara wọn mu?
3. Ìtumọ̀: kí ni àwòrán ń sọ nípa ọmọ yìí?
4. Ìdájọ́: kí ni ó yege, kí ni ó kù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Lámèyítọ́ tí ó wúlò máa ń tọ́ka sí ibì kan pàtó tí a lè wọ̀n. Gbólóhùn bíi "Kò jọ ọ́" kò sọ ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe, ṣùgbọ́n "Ojú ọ̀tún ga ju ti òsì lọ" fi ibi tí ó yẹ kí ìrésà bẹ̀rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọnà nù, nítorí pé ìyá ọmọ lè má mọ orúkọ àṣìṣe, kí wọ́n sì mọ ojú ọmọ wọn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbèjà ara rẹ̀. Ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ síwájú ọmọ náà tàbí fọ́tò rẹ̀, tí yóò sì pín in sí mẹ́ta: èyí tí ìwọ̀n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a dán wò lórí bébà mìíràn, àti èyí tí ìwọ̀n kò gbè lẹ́yìn, tí a lè fi sílẹ̀.

7.7 Àpẹẹrẹ: àwòrán kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àtúnṣe

Kí a mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan, tí ó di ṣùkú, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ sí àwòrán náà. Ìyá ọmọ náà ní: "Ọmọ mi kọ́ nìyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ." Ẹlẹ́gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní: "Ìwọ fi eyín dí àlàfo yẹn, kí ẹnu rẹ̀ lè dùn ún wò." Olùkọ́ ní: "Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn orí?"

Ìbéèrè olùkọ́ ni ó ṣí ìdí ọ̀rọ̀ ìyá payá. Lórí bébà, láti ṣóńṣó ṣùkú dé àgbọ̀n jẹ́ sẹ̀ńtímítà 24. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ́ pé ìlà ojú wà ní ìdajì, ó sì fà á sí sẹ̀ńtímítà 12. Ṣùgbọ́n irun nìkan gba sẹ̀ńtímítà 4 lókè, èyí tí ó fi hàn pé agbárí dé àgbọ̀n kò ju 20 lọ, ìlà ojú sì wà ní sẹ̀ńtímítà 8 péré sí àtàrí. Nígbà tí ó wọn fọ́tò, ó rí i pé bí orí bá jẹ́ 20, ìlà ojú ọmọ náà wà ní 11. Àṣìṣe méjì ni ó ti wọ inú ara wọn: ó fi irun kún orí, ó sì lo òfin àgbàlagbà fún ọmọdé. Iwájú orí wá kúrú, ìsàlẹ̀ ojú gùn, ọmọ sì di àgbàlagbà kékeré.

Ọ̀rọ̀ ìyá jẹ́ òtítọ́, ìwọ̀n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ kò rí ẹ̀rí, nítorí pé àlàfo eyín náà wà lẹ́nu ọmọ, òun sì ni ó ń sọ pé ọmọ ọdún 6 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́. Ó mú bébà tuntun, ó sọ ìlà ojú kalẹ̀ sí 11, ó sì tọ́jú méjèèjì pọ̀ kí ìyàtọ̀ wọn lè máa kọ́ ọ.

7.8 Àkópọ̀

- Àwòrán ojú ọmọdé ń béèrè jíjọra àti ọjọ́ orí. Bí ọjọ́ orí bá yẹ̀, jíjọra á bá a lọ.
- Agbárí ọmọdé tóbi, ojú rẹ̀ kéré. Nítorí náà ìlà ojú wà ní ìsàlẹ̀ ìdajì orí.
- Orí ni a ń wọ̀n, a kì í wọn irun mọ́ ọn.
- Awọ dúdú ní ìpele òkùnkùn púpọ̀. Ibi dídán nìkan ni a ń fi bébà sílẹ̀ fún.
- Lámèyítọ́ tí ó wúlò ń tọ́ka sí ibi tí a lè wọ̀n. Ọmọ tí a ń yà ni ẹlẹ́rìí tí ó ń dá ẹjọ́ láàárín oníṣẹ́ àti alámèyítọ́.

Ìdánrawò

*Apá A: Yan ìdáhùn tí ó tọ̀nà.*

1. Pẹ́ńsù wo ni ó yẹ fún ìlà atọ́nà? (a) 6B (b) 2H (ch) 4B (d) 2B
2. Lára àgbàlagbà, ìlà ojú wà ní (a) ìdajì orí (b) òkè ìdajì (ch) ìsàlẹ̀ ìdajì (d) ìdá mẹ́ta orí
3. Irun dídì tí ìpín rẹ̀ ń gòkè pàdé ní òkè orí ni (a) kòlẹ́sẹ̀ (b) ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ (ch) ṣùkú (d) kò sí èyíkéyìí

*Apá B: Dáhùn ní gbólóhùn kíkún.*

4. Kí ni ó fà á tí pẹ́ńsù H fi le ju pẹ́ńsù B lọ?
5. Ṣàlàyé ìdí tí ojú àgbà tí ère ìbejì ní kò fi jẹ́ àṣìṣe agbẹ́gilére.
6. Ọmọkùnrin kan ní irun tí ó ga ní sẹ̀ńtímítà 3 lórí bébà. Láti ṣóńṣó irun dé àgbọ̀n jẹ́ sẹ̀ńtímítà 21. Wá ìwọ̀n orí rẹ̀, kí o sì sọ ibi tí ìlà ojú ì bá wà bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà. Ṣé òkè ibẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ti ọmọ ọdún 4 yóò wà?
7. Tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kọ kí wọ́n lè di lámèyítọ́ tí ó wúlò: (i) "Imú yìí kò dára." (ii) "Ó rẹwà gan-an."

*Apá C: Iṣẹ́ ọwọ́.*

8. Ya àkàbà òkùnkùn alápòótí 7. Di ojú rẹ díẹ̀ wò ó, kí o sì tún ibi tí àpótí méjì bá ti jọra ṣe.
9. Gba àyè lọ́wọ́ òbí, kí o ya àwòrán ojú ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 8. Fi hàn ènìyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó mọ ọmọ náà dáadáa. Kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, pín in sí mẹ́ta bí 7.6 ṣe là á sílẹ̀, kí o sì ya àwòrán kejì. Mú àwòrán méjèèjì wá sí kíláàsì.